Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Ọlọ́ṣun Tẹ̀ka Sí: Abala 204 Nínú Ẹjọ́ Kan Ní Àkúrẹ́

Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà ní tésàn. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n kọ "undertaking", ìyẹn ìwé ìlérí, sí orí rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: pé ìyá náà kò ní sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni mọ́, pé yóò kó ojúbọ rẹ̀ kúrò nínú ọgbà láàárín ọjọ́ méje, àti pé kò ní bọ ohunkóhun mọ́ ní àdúgbò náà. Láti ọ̀sán Jímọ̀ ló ti wà lẹ́yìn kánńtà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá kan gbé íńkì wá bá a. "Màmá, ẹ kàn tẹ̀ka sí i, kí ẹ máa lọ sílé yín." Ó tẹ̀ka sí i. Kò sí ẹni tó kà á fún un.

Àpẹẹrẹ ni ẹjọ́ yìí. A kò tọ́ka sí ilé, tésàn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní Àkúrẹ́. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ la kó pọ̀ sójú kan, kí a lè yẹ òfin inú rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Àwọn òfin, ìdájọ́ àti ọdún tí a dárúkọ, gidi ni wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Lékuléja ni ìyá náà ní Ọjà Ọba. Egbò, èèpo igi, orí ẹran gbígbẹ àti oríṣiríṣi èso igbó ló ń tà. Ilé oníyàrá mẹ́jọ kan lọ́nà Ìjòkà ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ló gbé ojúbọ Ọ̀ṣun rẹ̀ sí: òtùn kan tí omi wà nínú rẹ̀, ọta mélòó kan nínú àwo, abẹ̀bẹ̀ idẹ méjì, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ márùn-ún. Lándílọ́ọ̀dù mọ̀ nípa ẹ̀ kó tó gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wá gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ìṣọ́ òru wọn máa ń wáyé lálẹ́ Ọjọ́rú àti Jímọ̀, pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin, tí méjì nínú wọn kọjú sí ọgbà. Kò pẹ́ tí àdúrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo: "àjẹ́ tó ń bọ omi nídìí kànga". Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá náà jí, ó bá òtùn ní fífọ́, abẹ̀bẹ̀ méjèèjì ti di àwátì, wọ́n sì ti da òróró àdúrà sórí ọta. Ike òróró náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ bá lándílọ́ọ̀dù. Ìyẹn ní kó mú sùúrù, pé ẹlẹ́sìn lòun náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló gbé fídíò kékeré kan sórí WhatsApp status rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: "Ọlọ́run tí ẹ ń pariwo pè lóru yìí, ṣé adití ni? Sípíkà mẹ́rin! Àbí ó sùn ni, tí ẹ fẹ́ jí i?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní nọ́ńbà rẹ̀ rí. Láàárọ̀ Jímọ̀, ọkùnrin méjì gbé e lọ sí tésàn, wọ́n pe ìyá náà lọ́sàn-án, ó sì lọ fúnra rẹ̀, tòun ti ọmọ àbúrò rẹ̀ kan. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òtùn òun ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní ohun mẹ́ta nínú: ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn, ìwà tó lè da ìlú rú, àti ìdúnkookò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí abala 204 sọ gan-an

Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Criminal Code, tó wà ní orí 37 nínú àkójọ òfin ìpínlẹ̀ ti 2006. Abala 204 inú rẹ̀ kò gùn, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kìíní mú ẹni tó bá ṣe ohun kan tí ẹgbẹ́ ènìyàn kan kà sí ìwọ̀sí ní gbangba sí ẹ̀sìn wọn, tó sì jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n kà á sí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì mú ẹni tó bá ṣe ohun tí òfin kò fàyè gbà, tó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ ènìyàn kan yóò kà á sí irú ìwọ̀sí yẹn. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà fún un.

Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ kìíní gbé ìwọ̀n lé. Kò bi adájọ́ pé ṣé ìwọ̀sí ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní "tí wọ́n kà sí". Etí ẹni tó ń bínú ló di òṣùwọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tó dá òfin náà dúró ni èrò ọkàn, nítorí pé olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn kọjá iyèméjì pé ohun tí ìyá náà ń wá ni pé kí wọ́n gbọ́ ọ ní ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn wọn, kì í ṣe pé ó ń bínú nítorí òtùn àti ariwo. Níwájú adájọ́ tó bá mọṣẹ́, ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé iwájú adájọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára rẹ̀ wà. Kánńtà ni wọ́n ti ń lò ó.

Lórí ọ̀rọ̀ adití àti olóorun yẹn, ẹni tó bá ka Bíbélì yóò rántí Èlíjà lórí Òkè Kámẹ́lì. Nínú Ìwé Ọba Kìíní, orí 18, ẹsẹ 27, ó ní kí àwọn wòlíì Báálì kígbe sókè sí i, bóyá òrìṣà wọn wà lẹ́nu ìrìn àjò, bóyá ó sùn, kí wọ́n jí i. Tí a bá ka abala 204 bí wọ́n ṣe kà á ní tésàn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Èlíjà náà ti gba ọdún méjì. Àwọn tó mú ẹjọ́ wá ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yẹn rí, ó sì dájú pé wọ́n ṣe àmín sí i.

Ẹsẹ̀ kejì ló wá yí ẹjọ́ padà. Òtùn tí wọ́n fọ́, ohun ìní ènìyàn ni. Abala 451 nínú òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́ láìtọ́ yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Nítorí náà, ẹni tó wọ ọgbà lóru, tó fọ́ òtùn Ọ̀ṣun, tó da òróró sórí ọta, ti ṣe ohun tí òfin kò fàyè gbà, ó sì mọ̀ dáadáa pé ìwọ̀sí ni àwọn ọlọ́ṣun yóò kà á sí. Ohun tí ẹsẹ̀ kejì ń wí nìyẹn gẹ́lẹ́. Àwọn tó fọ́ òtùn ni aṣọ náà bá lára mu jù. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó rò ó nídìí kánńtà pé "ẹgbẹ́ ènìyàn kan" lè jẹ́ àwọn ọlọ́ṣun. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó sì lóhùn láwùjọ nìkan ni ojú ọlọ́pàá rí. Bí wọ́n bá sì kọ́ ọlọ́pàá náà lẹ́kọ̀ọ́ sí i, ibi kan náà ló máa já sí, torí òfin tó bá gbé òṣùwọ̀n lé ìbínú ẹgbẹ́ yóò máa tẹ̀ sí ibi tí ìbínú bá ti pọ̀.

Ọ̀rọ̀ "àjẹ́" tó ń jáde nínú sípíkà ńkọ́? Abala 210 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn tàbí láti halẹ̀ mọ́ ọn pé a ó fi kàn án. Ọdún méjì náà ni. Ẹ̀sùn kejì nìyẹn tó yẹ kó wà nínú ìwé, tí wọ́n sì tún fò dá.

Àmọ́ abala 210 yìí náà ní àbùkù tirẹ̀, tí àwọn oníṣẹ̀ṣe fúnra wọn kì í sábà ṣàkíyèsí. Abala 207 fún ààrẹ tàbí gómìnà láṣẹ láti fi ìwé kéde pé bíbọ "juju" kan pàtó di èèwọ̀, tó bá dà bíi pé ó lè fa ìwà ọ̀daràn, ìjà tàbí àrùn. Abala 210 wá sọ ẹni tó bá wà níbi ìbọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀daràn, kódà bí kò ṣe ju pé ó dúró síbẹ̀. Kò sí abala kankan tó fún gómìnà ní irú àṣẹ yìí lórí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀sìn mẹ́ta ló wà nílùú, ọ̀kan ṣoṣo ni òfin fi sábẹ́ ìwé ìkéde.

Ẹ̀sùn kẹta, ti íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gba àsọyé púpọ̀. Abala 24 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 ni ọlọ́pàá máa ń fà jáde. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá bí ènìyàn nínú tàbí tó jẹ́ ìwọ̀sí lè mú ènìyàn wọ̀ ọ́. Àtúnṣe 2024 ti yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó kù nínú ẹsẹ̀ kìíní rẹ̀ ni àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ìbéèrè pé "ṣé ó sùn ni" kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ẹ̀sùn abẹ́ òfin yẹn. Tí wọ́n bá gbé e lọ síwájú májísíréètì, kí lọ́yà dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Láti Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé

Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, níbi tí ilé-ẹjọ́ tó lágbára bá wà láàárín kìlómítà 40. Àkúrẹ́ kún fún ilé-ẹjọ́; àwọn májísíréètì tó wà ní Òkè-Ẹdá kò jìnnà sí tésàn kankan nígboro. Àwáwí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni kò sí nínú òfin náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ kò ju ọdún méjì lọ, béèlì ló tọ́ sí i, béèlì tésàn kì í sì í ṣe ohun tí à ń san owó fún.

Ìwé tí ó tẹ̀ka sí ni ìpalára tó tóbi jù, torí pé òun ni lándílọ́ọ̀dù mú lé ọwọ́ nígbà tó ní kó kó jáde. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lágbára. Abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn nínú ìjọsìn, ẹ̀kọ́, ìṣe àti ìpamọ́, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Ariori àti Elemo ní 1983 pé ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin fi lélẹ̀ nítorí ire gbogbo ìlú, ẹnì kan kò lè dá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó wà látìmọ́lé wá ńkọ́? Ohun mìíràn tún wà: òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó bá bá wọn kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Orúkọ ọlọ́pàá kankan kò sí lórí ìwé yìí.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀: kó fọwọ́ sí ìwé béèlì nìkan. Tí wọ́n bá fi dandan lé e, kó kọ "mo fọwọ́ sí i ní àtìmọ́lé" sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ọmọ tó bá a lọ kọ ọ́, kó sì fi aago tí wọ́n fọwọ́ sí i síbẹ̀. Ìlà kan yẹn máa ń gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ lọ́yà.

Ẹ̀rí, kí ilẹ̀ tó mọ́

Inú ọgbà ni ẹjọ́ bí èyí ti máa ń bàjẹ́, kó tó dé kóòtù. Ojú ti ìyá náà láti rí àkúfọ́, ó sì gbá a dànù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ohun tó yẹ nìwọ̀nyí. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, láti ọ̀nà jíjìn tí kànga àti ògiri yóò fi hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ kan ike òróró. Ẹ fi ìwé gbé e sínú àpò bébà, kì í ṣe nínú ọ̀rá, torí ọ̀rá a máa là á lóòógùn. Ẹ to ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó sọnù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á báyìí, àti orúkọ ẹni tó rọ idẹ náà bó bá ṣì wà láàyè. Kí aládùúgbò méjì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó dé tésàn, ẹ ti kọ stétímẹ́ǹtì yín sílẹ̀ nílé, kí ẹjọ́ òtùn lè ṣáájú ẹjọ́ fídíò nínú ìwé ọlọ́pàá.

Status WhatsApp kì í pẹ́ ju wákàtí 24 lọ. Fídíò tí ìyá náà fúnra rẹ̀ yà wà nínú fóònù rẹ̀, kí ó má pa á rẹ́, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á, torí pé èyí tí àwọn olùfisùn mú wá lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti gé. Àwọn tó gbọ́ ìwàásù "àjẹ́" náà nílò láti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú déètì. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí ìdánilójú bá gbogbo ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde, kí ó dárúkọ ẹ̀rọ náà, kí ó sì sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń ṣe ìwé yìí fún fóònù nìkan, wọ́n á gbàgbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi tẹ àwòrán jáde ní business centre. Lọ́yà ìjọba á tako o, adájọ́ á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti àtìmọ́lé, ẹni tó gbé oúnjẹ lọ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ó rí i ní Jímọ̀, ó rí i ní Àbámẹ́ta, ó rí i lọ́jọ́ Àìkú. Kó kọ aago kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gíga, àti ohun tí kò yẹ kó bá a wọlé

Ọ̀nà rẹ̀ ni abala 46 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ìlànà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009. Ìwé mẹ́ta ló ń lọ pọ̀: àlàyé nípa ẹni tó ń béèrè, ohun tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀; ìwé ìbúra tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀; àti àròyé lọ́yà ní kíkọ. Láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti wọlé ló yẹ kí wọ́n fi ẹjọ́ sí ọjọ́ ìgbọ́. Ẹni tí wọ́n pè ní ọjọ́ márùn-ún láti dáhùn lẹ́yìn tí ìwé bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò sí gbèdéke ọdún lórí irú ẹjọ́ yìí, nítorí náà ẹni tó bẹ̀rù fún oṣù mẹ́fà kò tíì pẹ́ jù.

Ohun tí ìyá yìí yóò béèrè kò pọ̀: kí kóòtù sọ pé àtìmọ́lé Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé lòdì sí abala 35, kí ó fagi lé ìwé undertaking nítorí abala 38, kí ó dá ọlọ́pàá lẹ́kun láti tún mú un lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àti owó gbà-máà-bínú pẹ̀lú ìtọrọ àforíjì ní gbangba, tí abala 35 ẹsẹ̀ 6 fúnra rẹ̀ ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ ilé kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yìí. Tí ohun tí ènìyàn ń béèrè ní pàtàkì kì í bá ṣe ẹ̀tọ́ inú orí kẹrin ìwé òfin, kóòtù yóò lé e jáde, ọ̀pọ̀ lọ́yà ọ̀dọ́ sì ti fi ọ̀rọ̀ owó ilé ba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ tó dára jẹ́. Wọ́n tún máa ń na ọwọ́ sí abala 42 lórí ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n fi mú lándílọ́ọ̀dù. Kò lè mú un. Òfin àti ìṣe ìjọba ni abala yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ni ilé. Ohun tó ń ṣọ́ ìyá náà lọ́dọ̀ lándílọ́ọ̀dù ni òfin gbígba ilé: bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún, oṣù kan fún olóṣooṣù, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kó tó di pé wọ́n gba kóòtù lọ. Ìwé tésàn kò lè dípò ọ̀kan nínú wọn.

Ti sípíkà ńkọ́? Ìlànà ariwo ti ìjọba àpapọ̀, 2009, fi dẹ̀síbẹ̀lì 50 sí ilé gbígbé lọ́sàn-án, 35 lóru. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ àyíká, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lóru ìṣọ́ òru. Ìwọ̀n kan náà ni fún jẹnẹrétọ̀, fún ìlù ọdún àti fún ìpè àdúrà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo ní 2001, tó dá lórí aláìsàn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó kọ ẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn ń lọ títí dé ibi tó ti kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn tàbí tó ti fi ìlera àti ire ìlú sínú ewu.

Ọ̀pá kan náà fún ẹni tó pọ̀ àti ẹni tí kò pọ̀

Àwọn tó pọ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí ni wọ́n ti kéré rí. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó gbọ́ ìpè rẹ̀ ní 1928 lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà tó ti Iléṣà wá sí Àkúrẹ́, ń wàásù káàkiri, ìjọba òyìnbó fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní ní 1932 nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àwọn àjẹ́. Àwọn aládùúrà mọ bí ó ṣe rí kí ọlọ́pàá wá nítorí ohun tí ènìyàn sọ nínú àdúrà. Dídárúkọ ẹnì kan ní àjẹ́ ṣì yẹ kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí pé ẹni tí wọ́n bá dárúkọ lè kú sí i. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ènìyàn bú òrìṣà tàbí kó fi Ọlọ́run ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà.

Ọ̀pá kan náà ni ti ọjọ́ ọdún Aheregbe, tí ààfin Déjì máa ń kéde pé kí ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tó bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ ìlú ṣe dáadáa. Ẹni tí kò bá tì í, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀. Ìdájọ́ Agbai àti Okogbue, láti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1991, ti parí ìyẹn. Télọ̀ kan ní Aba sọ pé ìjọ òun, Assemblies of God, kò gbà kí òun wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́-orí ìlú òun, nítorí náà òun kò ní san owó tí ẹgbẹ́ náà dá fún ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kóòtù ní àṣà kankan kò lè fi tipá mú ènìyàn wọ ẹgbẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ìdájọ́ tó gba ẹ̀rọ onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní Aba ló lè gba ojúbọ ọlọ́ṣun sílẹ̀ ní Ìjòkà, aráàlú lásán sì ni wọ́n pè lẹ́jọ́ nígbà náà, kì í ṣe ìjọba.

Yíyọ abala náà kúrò

Ilẹ̀ òkèèrè ni òfin tí abala 204 wà nínú rẹ̀ ti wá. Òfin Queensland ti 1899 ni wọ́n wò kọ Criminal Code, tó dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa òfin ọ̀rọ̀ òdì tiwọn rẹ́ ní 2008. Denmark ṣe é ní 2017, àwọn ará Ireland dìbò yọ tiwọn ní 2018. Níbí, ibi tí ó le dé ni Kano, níbi tí abala 382 nínú òfin Ṣàríà ìpínlẹ̀ náà ti fi ikú ṣe ìjìyà. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Yahaya Sharif-Aminu, akọrin kan, nítorí orin tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022, èrò pa Deborah Samuel Yakubu ní Sókótó nítorí ohùn tó fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì rẹ̀. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ dúró de òfin. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 2025, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ pé àwọn òfin ọ̀rọ̀ òdì Kano kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu, pé kí Nàìjíríà pa wọ́n rẹ́ tàbí kó tún wọn ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tó tako ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà nínú òfin, tí ènìyàn kò fi lè mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Tí wọ́n kà sí" inú abala 204 kò yàtọ̀ sí i.

Àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà tó ń bẹ̀rù pé ẹnu yóò já sílẹ̀ lọ́jà bí abala náà bá lọ, ẹ wo ohun tó kù: abala 205 fún ẹni tó bá fi ipá kan òjíṣẹ́ ẹ̀sìn lẹ́nu iṣẹ́, 206 fún ẹni tó bá da ìsìn rú, 451 fún ẹni tó bá fọ́ nǹkan, 69 àti 70 fún àpéjọ tó fẹ́ dá rògbòdìyàn. Gbogbo wọn ń bi ènìyàn pé kí lo ṣe. Kò sí èyí tó ń bi ẹgbẹ́ kan pé báwo ló ṣe dùn yín tó.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Oǹdó ní Alágbàká lè ṣe é láìdúró de Àbújá, torí òfin ìpínlẹ̀ ni. Aṣòfin kan ṣoṣo lè gbé àbá náà wá. Tí gómìnà bá gbà á, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti buwọ́ lù ú. Tí kò bá buwọ́ lù ú, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé náà, ìyẹn 18 nínú 26, lè sọ ọ́ di òfin láìsí i. Kíkọ àbá náà ni ibi tí wọ́n ti lè ṣì í kọ. Tí wọ́n bá yọ 204 nìkan, tí wọ́n fi àṣẹ ìkéde inú 207 àti ọ̀rọ̀ "juju" tó tẹ̀ lé e nínú 210 sílẹ̀, oníṣẹ̀ṣe nìkan ni yóò kù lábẹ́ òfin ẹ̀sìn. Kí wọ́n yọ àwọn yẹn pọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀sùn àjẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Èkejì ni pé pípa òfin rẹ́ kì í pa ẹjọ́ tó ti wà ní kóòtù. Òfin ìtumọ̀ òfin dá ìjìyà àti ẹjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí, àfi tí òfin tuntun bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àbá náà gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kan tó sọ pé gbogbo ìwádìí, ẹjọ́ àti béèlì tó wà lábẹ́ abala 204 parí lọ́jọ́ tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, àti pé ìwé àdéhùn kankan tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ kò ní agbára mọ́.